Ta Ló Ni Ọjọ́ Ìsinmi Martial?

Ó ku díẹ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù. Òjò ti rọ̀ ní Sakété láti ọ̀sán, ó ti dá, oòrùn sì tún yọ lójijì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Eruku gàrí tó wà lára àwa alábàárù ti fẹ́ di ẹ̀bà. A ti ti ilẹ̀kùn ilé ẹrù, gbogbo wa ń fọ ẹsẹ̀ nínú korobá kan náà. Ìgbà yẹn gan-an ni Martial jáde síta, ó na ọwọ́ sókè, ó ní ká dákẹ́, nítorí pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Martial jẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kì í sì ṣe òṣìṣẹ́. Ó wà láàárín méjèèjì. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ pa òun, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé iṣẹ́ ń pa òun. Tó bá gbé àpò kan láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn ògiri, á dúró, á di ìbàdí mú, á máa wo òkè, títí ẹnì kan á fi kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kí i, á gbé àpò náà padà síbi tó ti gbé e, á tún gbé e. Àwọn àgbà ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ní ti Martial, ariwo iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́.

Ọmọ Pobè ni, àmọ́ Sakété ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ Àlàájá Zouleiha, obìnrin tó ń ta gàrí àti àgbàdo fún àwọn oníṣòwò Porto-Novo. Martial ló ń ṣọ́ ẹrù: òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń tì í, òun ló ń wo àpò tó wọlé àti èyí tó jáde. Èmi àti Taofik àti àwọn yòókù la máa ń ru àpò náà. Nígbà tó yá, Àlàájá ra tẹlifóònù alágbèéká kan fún un, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pọ́tábù, kó lè máa ya àwòrán ẹrù, kó sì máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ó ní, “Gbà, pọ́tábù iṣẹ́ nìyí.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba Martial jẹ́.

Ó wá okùn so mọ́ ọn, ó sì gbé e kọ́ ọrùn bí ìgbà tí wọ́n so agogo mọ́ ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí iṣẹ́ ò ti lè pè é. Lọ́jọ́ kan ó wà lórí àga onígbàjámọ̀ ní Pobè, wọ́n ti fá ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ nígbà tí pọ́tábù dún. Ó dìde, ó ní iṣẹ́ ń pè. Ẹni tó pè é ṣi nọ́ńbà ni, àmọ́ Martial ò jẹ́ kí ẹni náà tètè lọ. Ó ń bi í bóyá kò fẹ́ ra gàrí ni. Kó tó padà, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga. Kí wọ́n tó fá ti ẹni yẹn tán, iná mọ̀nàmọ́ná lọ, kò sì dé títí ọjọ́ fi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Martial ṣe gbé orí náà wá sí Sakété, ìdajì igbó, ìdajì ọ̀dàn. Tí o bá bi í pé kí ló dé, á mi orí yẹn díẹ̀díẹ̀, á ní, “Iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin ò lè mọ̀.”

Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, bákan náà ni. Pásítọ̀ ní kí ìjọ di ojú fún àdúrà, Martial dìde, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó tẹ̀ lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń jáde pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Pásítọ̀, ẹni jẹ́jẹ́, wá fi kún àdúrà náà pé kí Olúwa rántí àwọn tí iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Èyí dùn mọ́ Martial nínú débi pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò dúró kí pọ́tábù dún kó tó jáde.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ síbẹ̀, ká ní rédíò ò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà lórí rédíò tó ń fi èdè wa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó ní bí ọ̀gá bá fi pọ́tábù rán ènìyàn níṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn, iṣẹ́ ni ìyẹn náà, ó sì yẹ kó ní owó àṣekún. Ó dà bíi pé ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́, àti pé ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ ránni. Ṣùgbọ́n Martial ti pa rédíò. Ó ti gbọ́ èyí tó tó o.

Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ló gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ń sọ yìí. Àlàájá ń wé gèlè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti máa lọ sílé. Martial dúró níwájú rẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú ọba. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, pọ́tábù tí wọ́n fún òun ò ní í kú mọ́, ní òru àti ní ọ̀sán. Ó ní bí òun bá ń jẹun, bí òun bá ń wẹ̀, bí òun bá tilẹ̀ ń hanrun, ẹnu iṣẹ́ lòun wà. Pàápàá jù lọ ọjọ́ Ìsinmi, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nítorí náà, òun ń béèrè owó àṣekún òun.

A ti rò pé Àlàájá á lé e. Ṣùgbọ́n Àlàájá kì í pariwo. Ó parí gèlè rẹ̀ ná.

“Martial, èmi kì í jẹ òógùn ọmọ ọlọ́mọ. Bí o bá ṣiṣẹ́ fún mi, màá san án. Àmọ́ ohun tí mo bá sanwó ẹ̀, tèmi ni. Gàrí tí mo bá sanwó ẹ̀, ta ló ni ín?”

“Ẹ̀yin lẹ ni ín, Àlàájá.”

“Ọjọ́ Ìsinmi tí mo bá sanwó ẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà lẹ ni ín.”

“Àti ohun yòówù tí o bá ṣe nínú ọjọ́ náà?”

“Tiyín ni gbogbo ẹ̀ pátá, Àlàájá. Èmi ò ní nǹkan kan níbẹ̀.”

Àlàájá wo àwa tá à ń fọ ẹsẹ̀. Ó ní ṣé a gbọ́. A ní a gbọ́. Ó ní ó dáa, ó sì lọ sílé.

Ọwọ́ Martial wá tẹ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, kò sí iṣẹ́. Àpò gàrí kì í rìn lóru. Martial sì gbọ́dọ̀ ṣe é kó rìn. Bó bá ti dé Pobè, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí Àlàájá. Á ní, “Àlàájá, Martial ni. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé gàrí ṣì wà níbi tó wà.” Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, á ní, “Àlàájá, Martial tún ni. Ẹ má fòyà. Ilẹ̀kùn ò tíì ṣí ara ẹ̀.” Àlàájá kì í dá a lóhùn ju “Mo gbọ́” lọ.

Nígbà tó yá, Bàbá Bàṣírù, ọlọ́dẹ wa, pè é nírọ̀lẹ́ kan pé eku kan wọ ìdí àpò àgbàdo. Martial wà nílé ìyá rẹ̀ ní Pobè, ó ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní kí Bàbá Bàṣírù gbé pọ́tábù rẹ̀ sẹ́nu ihò eku náà, kó sì di ọ̀nà kejì mú. Ó wá dìde láti Pobè, ó na ẹ̀yìn, ó sì pariwo lé eku tó wà ní Sakété. Ó bú eku náà, ó bú ìyá eku náà, ó ní òun ń bọ̀ wá bá a. Àwọn aládùúgbò ìyá rẹ̀ sáré jáde, wọ́n rò pé ìjà dé. Bàbá Bàṣírù sọ fún wa lọ́jọ́ kejì pé òótọ́ ni eku náà jáde, ó jókòó, ó tẹ́tí sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, lẹ́yìn náà ó rọra lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ nìyí. Martial fẹ́ gbé ìyàwó. Orúkọ ọmọbìnrin náà ni Mọ́rìnọ́lá, ó ń ránṣọ ní Pobè, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Martial fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìyẹn nìkan ni nǹkan tí mo mọ̀ tó ń ṣe tí kì í pariwo rẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin náà, Ọdẹ́wálé, ń ṣe oko ní Ahoyéyé. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n ti gbé ẹ̀bùn lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni iṣẹ́ àna.

Ní ọ̀dọ̀ wa, èèyàn kì í fi ẹnu nìkan gba ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìyàwó á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á lọ fi ọjọ́ kan kọ ebè fún bàbá ọmọ. Ó lè kó gbogbo ìlú lọ bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ó dà bí àáró. Bí mo bá wá kọ ebè lóko rẹ ní ọjọ́ rẹ, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, àmọ́ iṣẹ́ rẹ ni. Ẹni tó ni ọjọ́ ló ni ebè. Kò sí ọmọdé kan ní Ahoyéyé tí kò mọ èyí.

Ọdẹ́wálé ti kìlọ̀ fún Martial pé bí àsìkò ebè bá fi kọjá, ó di òjò ọdún tó ń bọ̀, àti pé awakọ̀ akẹ́rù kan wà tó ń kí òun lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí ìkíni rẹ̀ ti ju ti aládùúgbò lọ. Martial bá dá ọjọ́ Ìsinmi kan, ó sì bẹ̀ wá.

A dé oko ní kùtùkùtù. Àwa wọ aṣọ oko. Martial wọ ẹ̀wù ọlọ́rùn líle àti ṣòkòtò gígùn tí wọ́n lọ̀ dáadáa, pọ́tábù sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kó tó kúrò nílé, ó ti bẹ Bàbá Bàṣírù pé kó máa pe òun láti Sakété ní gbogbo ìgbà, kí àwọn àna lè rí irú ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Ó kọ ebè kan. Bó ṣe ń nà láti wo ẹni tó máa kí i ni pọ́tábù dún.

Kò sí ibi tí èèyàn ti lè gbọ́ pọ́tábù dáadáa lóko yẹn àfi orí òkìtì ọ̀gán kan tó wà láàárín. Martial gun un. Ó dúró síbẹ̀ bí ère, ó ń pariwo pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gàrí òun. Ó sọ̀ kalẹ̀, pọ́tábù dún, ó tún gùn ún. Nígbà tó ṣe, ó ní òun kúkú máa dúró síbẹ̀, kí òun má máa da ara òun láàmú.

Ó ṣeni láàánú pé ìjàlọ ń kọjá lórí ọ̀gán yẹn lọ́jọ́ náà. A ṣàdédé rí i tí Martial gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó gbọn ìdí, ó fò sókè, pọ́tábù sì wà létí rẹ̀, ó ń sọ pé, “Rárá, Bàbá Bàṣírù, kò sí nǹkan kan, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.” Àwọn ìyá àgbà tó gbé oúnjẹ bọ̀ rò pé ijó àna ni, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mọ́rìnọ́lá tó ru omi wá dúró, ó wò ó títí.

Ó ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ebè ní Sakété nìyẹn?”

Ọdẹ́wálé rìn lọ sí ìdí ọ̀gán náà. Èèyàn tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni, bí ẹran inú ọbẹ̀ àwa alábàárù. Ó bi Martial bóyá ara rẹ̀ le.

“Ara mi le, Bàbá. Iṣẹ́ ni.”

“Iṣẹ́ wà nísàlẹ̀ níbí.”

“Ìyẹn kéré, Bàbá. Ọ̀gá mi ní Sakété ló ń sanwó òní fún mi, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibi tí mo dúró sí yìí, owó ń wọlé.”

“Nígbà tí o di ọkọ́ mú lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?”

Taofik tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wúkọ́. Ikọ́ tí ẹni tó ya wèrè pàápàá á gbọ́, tí á sì dákẹ́. Martial ní, “Pẹ̀lẹ́, Taofik,” ó sì ń bá tiẹ̀ lọ.

“Nígbà yẹn gan-an, Bàbá. Pọ́tábù wà ní ṣíṣí lọ́rùn mi. Ẹni tí pọ́tábù ẹ̀ bá wà ní ṣíṣí, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Àdéhùn wa nìyẹn, gbogbo àwọn wọ̀nyí wà níbẹ̀.”

“Ọ̀gá rẹ ló wá ni òní.”

“Látòkè délẹ̀, Bàbá,” Martial ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì.

Ọdẹ́wálé ní ó dáa. Ó padà sídìí ebè rẹ̀. Àwa náà kọ ebè títí oko náà fi tán.

Nígbà tí àkókò oúnjẹ tó, wọ́n bu iyán fún àwa ọ̀rẹ́. Wọ́n gbé àwo àna kalẹ̀ lọ́tọ̀, àwo ńlá tó ní ìdérí, adìẹ odindi ló wà nínú rẹ̀. Martial fọ ọwọ́, ó fa àpótí sún mọ́ ọn. Ọdẹ́wálé na ọwọ́, ó dá ìdérí padà sórí àwo.

Ó ní, “Ti ẹni tó ni iṣẹ́ nìyí. Sakété ló wà. Martial, ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, bá mi gbé e fún un. Sọ fún un pé Ọdẹ́wálé kí àna ẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́, a rí ebè.”

Martial rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Mọ́rìnọ́lá fi aṣọ di àwo náà, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

“Ẹ rọra o,” ló sọ. “Ẹ má da ọbẹ̀ ọkọ mi nù.”

Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Martial ò jẹ nǹkan kan, ó sì ru igbá. Ó jókòó sẹ́yìn zémìjàn, alùpùpù akérò, àwo lórí itan, kòtò ń bẹ lójú ọ̀nà, ọbẹ̀ sì ń kí i káàbọ̀ ní kòtò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa wọ Sakété, ẹ̀wù ọlọ́rùn líle náà ti di ọbẹ̀ adìẹ, ajá sì ń sáré tẹ̀ lé alùpùpù náà. Àlàájá gbọ́ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ronú díẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó jẹun. Ó ní wọ́n mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè ní Ahoyéyé. Ó yọ ọrùn adìẹ fún Martial, ó ní òun náà ṣe wàhálà.

Àlàájá kì í jẹ oúnjẹ ẹni kó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kó gàrí àti iyọ̀ àti ọṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀. Ọdẹ́wálé fi epo pupa dá a padà. Àlàájá fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ. Ìyá ọmọ fi àdúrà ránṣẹ́ padà. Martial ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ, òun ló ń gbé e bọ̀, nítorí pé òun ló mọ ilé. Àwọn obìnrin ọjà Sakété bẹ̀rẹ̀ sí í kí Àlàájá ní ọkọ Mọ́rìnọ́lá, wọ́n ń bi í lọ́jọ́ tí wọ́n á wá jẹun. Ọkọ Àlàájá pàápàá, ẹni ọ̀wọ̀, sọ pé òun ò lòdì sí i. Ó ní ilé náà fẹ̀, wọn ò ní ṣaláì rí yàrá kan fún ìyàwó ìyàwó òun.

Ìgbà yẹn ni ojú Martial tó là. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Àlàájá, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun sọ fún wọn ní Ahoyéyé pé òun lòun ni iṣẹ́ náà.

“Ṣé ìwọ lo wá ni ọjọ́ Ìsinmi yẹn?”

“Èmi ni mo ni ín, Àlàájá.”

“O ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mi nìyẹn. Kí ni mo wá fẹ́ sanwó ẹ̀?”

Martial họ orí. Ó fẹ́ ìyàwó, ó sì fẹ́ owó. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn kan ò lè gba ọ̀nà méjì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ronú, ó sì mú ìdájọ́ kan jáde tó dà bíi pé ó mọ́gbọ́n dání lójú ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pín ọjọ́ náà: orí ọ̀gán ni ti Àlàájá, ìsàlẹ̀ ni ti òun. Àlàájá ní òun gbà bẹ́ẹ̀, kó lọ sọ fún bàbá ìyàwó.

Ó bẹ̀ wá ká tẹ̀ lé òun lọ jẹ́rìí. Ọdẹ́wálé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin, kò bínú. Ó ní ìdájọ́ náà dára. Ó wá kó gbogbo wa lọ sóko, ó ní kí Martial fi ebè tó kọ nígbà tó wà nísàlẹ̀ han òun.

Martial wo ebè, ó wo wa. Àwa náà wo ilẹ̀. Mi ò fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ láàárín àgbà, ṣùgbọ́n Ọdẹ́wálé ń wo èmi gan-an, mo sì nàka sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Òjò ti rọ̀ sí i, ó ti wó, adìẹ kan sì ń ba lórí rẹ̀.

Ọdẹ́wálé ní bó bá jẹ́ ìyẹn ni Martial fi fẹ́ gba ọmọ òun, èékánná rẹ̀ lòun lè fún un. Ó ní àsìkò ebè ku ọ̀sẹ̀ kan. Ilẹ̀ kan ṣì wà lódì kejì odò tí òun ò tíì fọwọ́ kàn. Bí Martial bá fẹ́, kó wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kó mú ọjọ́ tirẹ̀ wá, kó má sì kó ọ̀rẹ́ kankan lẹ́yìn, torí àwọn ọ̀rẹ́ ti ṣe tiwọn tán. Bí kò bá wá, awakọ̀ akẹ́rù náà ní ọkọ́ nílé.

Martial yíjú sí Mọ́rìnọ́lá, bóyá á bá òun bẹ bàbá rẹ̀. Mọ́rìnọ́lá ń fá àgbọn lọ́wọ́.

“Èmi ò lè fẹ́ Àlàájá,” ló sọ. “Ẹ wá kọ ebè.”

Bẹ́ẹ̀ ni Martial ṣe padà sí Sakété, tó dúró níwájú ilé ẹrù lójú gbogbo wa tó gbọ́ ti àkọ́kọ́, tó sọ pé òun ò gba owó àṣekún kankan mọ́, pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi òun, èyí tó ti kọjá àti èyí tó ń bọ̀, òun lòun ni wọ́n. Àlàájá ní kò burú. Ó ní ṣùgbọ́n òun á san ti eku yẹn, nítorí pé eku náà ò tíì padà wá. Martial ò kọ̀ ọ́. Ó gbà á, ó sì dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. A ò bá a lọ́wọ́ sí i, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní ká má wá wòran. A jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ lọ́dọ̀ Ọdẹ́wálé tó ń jẹ obì. Martial wọ ṣòkòtò péńpé àbúrò rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù, ó sì ń kọ ebè lóòótọ́, ebè tó ga, tó le. Pọ́tábù nìkan ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe agídí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ni kò ti pa á rí, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, ojú sì ń tì í láti béèrè lọ́wọ́ wa.

Bí oòrùn ṣe ń kan àtàrí, pọ́tábù dún.

Martial ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Pọ́tábù dákẹ́, ó tún dún. Ọdẹ́wálé dá obì dúró lẹ́nu.

“Ta ni?”

Martial wò ó. “Àlàájá ni, Bàbá. Bóyá wọ́n kàn fẹ́ kí mi ni.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà lóko?”

“Wọ́n máa ń ní ẹ kú iṣẹ́.”

“O máa wá jẹ́ ẹ?”

Martial gbé ojú sókè. Lódì kejì oko, Mọ́rìnọ́lá ti sọ ìkòkò omi kalẹ̀, ó ká ọwọ́ láyà, ó ń wò ó. Pọ́tábù náà ò dákẹ́.

Martial yọ okùn rẹ̀ lọ́rùn. Ó la inú ebè tó ń kọ lọ́wọ́, ó tẹ́ pọ́tábù náà síbẹ̀ bí ẹni tẹ́ èbù iṣu, bó ṣe ń dún lọ́wọ́, ó wa erùpẹ̀ bò ó, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a títí ó fi le, ó sì bọ́ sí ebè tó kàn.